Ọwọ́ Tó Ń Bọ́ Ọmọ

Nígbà tí Rọ̀bọ̀tọ̀ ń sunkún, ọkàn ìyá rẹ̀ ṣì balẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tó dákẹ́ ni ẹ̀rù bà á.

Ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Ọmọ náà nà gbalaja lórí ẹní, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ètè rẹ̀ sì gbẹ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó kún àti ikùn rẹ̀ tó máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé ni gbogbo ilé ṣe ń pè é ní Rọ̀bọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n láàárín àná sí òní, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ti fà á gbẹ bí aṣọ tí wọ́n fún. Ìyá rẹ̀ fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè. Awọ náà ò tètè padà sáyè rẹ̀.

Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbé náà ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀rọ ìránṣọ wà nídìí fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Aṣọ oníbàárà kan ṣì há sábẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n ti rán apá kan mọ́ ọn, èkejì ń dúró.

"Bàbá Adájọ́," ó sọ fún ọkọ rẹ̀, "ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ yìí lọ sílé ìwòsàn."

Ọkọ rẹ̀ ń wá pẹ́ńsùlù rẹ̀ kiri. Káfíńtà ni, òrùlé ilé kan ló ń kàn lọ́wọ́, ẹni tó gbà á síṣẹ́ kì í sì í gbọ́ àwáwí. "Ṣebí irú èyí náà ló ṣe Adájọ́ lọ́jọ́sí? Ṣebí ó lọ fúnra rẹ̀?"

"Èyí ò jọ ti Adájọ́."

"Máa fún un lómi. Tó bá dọ̀sán tí kò dẹwọ́, kó o pè mí."

Ìyá àgbà, ìyá tó bí káfíńtà, jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú. "Eyín ni," ó ní. "Eyín ló ń dà á láàmú."

"Eyín wo, Màmá? Ọmọ ọdún mẹ́ta! Ẹnu rẹ̀ ti kún."

"Ti ọwọ́ ẹ̀yìn."

Adájọ́ yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, òun ni àkọ́bí wọn. Wọ́n fi orúkọ yẹn pè é nítorí kò sí ẹjọ́ tó wọ inú ilé náà tí kì í bá wọn dá. "Ìyá Àgbà," ó ní, "nígbà tí èmi ń yàgbẹ́ tèmi, ṣe ni eyín mi ń ká."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó fi pẹ́ńsùlù há etí, ó jáde.

Bó ṣe jáde ni ọmọ náà tún yàgbẹ́. Omi lásán ni. Ìyá àgbà ló sún mọ́ ọn, ó fi àkísà nu ìdí rẹ̀, ó ti ìka rẹ̀ bọ inú abọ́ omi tó wà nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó nu ún mọ́ ìró. Lẹ́yìn náà ó bu búrẹ́dì díẹ̀, ó rẹ ẹ́ sínú tíì, ó sì ń gbé e lọ sẹ́nu ọmọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ yẹn kàn án lẹ́nu!"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, kò bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Búrẹ́dì náà dúró sókè, tíì ń kán láti ara rẹ̀ sórí ẹní.

"Ọwọ́ wo?"

Aránṣọ ń wo abọ́ omi náà.

"Mo ní ọwọ́ wo, ìyàwó? Ọwọ́ yìí náà ni mo fi bọ́ ọkọ rẹ dàgbà. Kò pa á."

"Mi ò sọ pé ẹ fẹ́ pa á, mà."

"O ti sọ ọ́."

Ìyá àgbà gbé búrẹ́dì náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ó yí ojú sí ògiri.

Omi abọ́ náà ti wà níbẹ̀ láti àná. Ẹ̀rọ omi kan péré ló wà ní àgbàlá fún gbogbo yàrá ilé náà, ìyá onílé sì ti fi àgádágodo tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń ṣí i. Kálukú á gbé garawa rẹ̀ wá tò, omi tí wọ́n bá rí pọn ni wọn yóò fi mu, tí wọn yóò fi se oúnjẹ, tí wọn yóò fi wẹ̀, tí wọn yóò fi fọ aṣọ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rántí ọwọ́.

Ariwo ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó onígbàjámọ̀, tó ń gbé yàrá òdìkejì, yọ orí wọlé. "Ìyá Adájọ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin náà? Ohun tó ṣe àbíkẹ́yìn tèmi lọ́sẹ̀ tó kọjá gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ má jókòó tì í o."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá oníbúrẹ́dì dúró sí, ó gbé àwo ọjà rẹ̀ lé ìbàdí. Kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ ní tààrà. "Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀," ó ní, "ta ló ń bá a wo ọmọ?"

"Ẹ máa lọ tajà yín, ẹ jọ̀ọ́," ìyàwó onígbàjámọ̀ dá a lóhùn. "Ọmọ tiyín náà yàgbẹ́, ẹ kì í sì í ránṣọ."

Aránṣọ ti ń kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé ọmọ, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti dìde, ó ti tú ìró rẹ̀, ó ti tẹ ẹ̀yìn.

"Gbé e pọ̀n mí."

"Màmá, ọ̀nà jìn, ẹ jẹ́ kí n…"

"Àbí ẹ̀yìn mi náà dọ̀tí ni?"

Aránṣọ gbé ọmọ lé e lẹ́yìn. Wọ́n jáde, Adájọ́ ń sá tẹ̀ lé wọn.

Ìjókòó ilé ìwòsàn kún bámú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ ló gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì rọ bí ewé tí oòrùn pa. Nọ́ọ̀sì kan ń kọjá, obìnrin sísanra kan tó jọ pé kò tíì jókòó láti àárọ̀. Ó wo Rọ̀bọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé òun wọlé.

"Ṣé ó ti tọ̀ láàárọ̀ yìí?"

Ìyá wo ìyá àgbà. Ìyá àgbà wo ìyá. Kò sẹ́ni tó lè rántí.

"Kò tíì tọ̀ nìyẹn," nọ́ọ̀sì náà ní. Ó po iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá kékeré kan mọ́ omi tó ti hó tó sì ti tutù, ó bu ọṣẹ sí àwọn obìnrin méjèèjì lọ́wọ́, ó tọ́ka sí ibi ìfọwọ́. Wọ́n fọ̀ ọ́ kíákíá. Ó gbé ṣíbí fún wọn. "Díẹ̀díẹ̀. Tó bá bì í, ẹ sinmi, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dáwọ́ dúró. Tó bá tọ̀, ẹ pè mí."

Ọmọ náà bi ṣíbí àkọ́kọ́, ó bi èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n sinmi, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Tí ọwọ́ bá ń ro ìyá, ìyá àgbà á gba ṣíbí. Tí ojú bá ń ro ìyá àgbà, ìyá á gbà á. Aránṣọ bọ́ síta, ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Ìró òòlù ló kọ́kọ́ gbọ́.

"Orí òrùlé ni mo wà," káfíńtà ní. "Báwo ni ara rẹ̀?"

"A wà ní ilé ìwòsàn."

Òòlù dákẹ́. "Ṣé kí n máa bọ̀?"

"Ẹ ti mọ èyí tẹ́ ẹ máa ṣe," ó ní, ó sì pa fóònù.

Oòrùn ti mú gan-an nígbà tí ìyá àgbà figbe ta. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìjókòó yíjú sí i. Ìyá àgbà gbé ọmọ náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, iwájú ìró rẹ̀ ti rin gbingbin.

"Ó tọ̀! Ó tọ̀ sí mi lára! Ẹ wò ó, ó tọ̀ yàà!"

Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn ìyá tó jókòó. Ẹnì kan ní, "Ẹ kú oríire, Màmá." Rọ̀bọ̀tọ̀ ya ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún gan-an, ẹkún tó ní omi lójú. Ìyá rẹ̀ fi orí ti ògiri, òun náà sunkún tirẹ̀.

Nọ́ọ̀sì dé, ó wo ọmọ, ó mi orí pé ó dáa. "Ẹ máa fún un lọ. Ẹ máa fún un ní ìrẹsì rírọ̀ pẹ̀lú, ẹ má febi pa á." Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ṣé ẹlòmíì nínú ilé ti ṣe irú rẹ̀?"

"Èmi," Adájọ́ ní, "àti ọmọ onígbàjámọ̀, àti ọmọ oníbúrẹ́dì. Ẹ̀gbọ́n ọmọ onígbàjámọ̀, tó ń jẹ́ Kíákíá, náà ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń purọ́ pé òun ò ṣe é."

"Báwo lẹ ṣe ń fọwọ́ nílé yín?"

"A máa ń fọ̀ ọ́ dáadáa, mà," ìyá rẹ̀ tètè dáhùn. "A kì í jẹun láìfọwọ́."

Nọ́ọ̀sì náà ò bá a jiyàn. Ó mú Adájọ́ lọ síwájú ibi ìfọwọ́. "Ọmọ dáadáa, ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe é nílé fún mi."

Adájọ́ wo ẹ̀rọ, ó wo nọ́ọ̀sì. "Abọ́ ńkọ́?"

"Abọ́ wo?"

"Abọ́ tí a máa ń ṣanwọ́ sí. Dádì á kọ́kọ́ ṣanwọ́. Ìyá Àgbà á ṣanwọ́. Mọ́mì á ṣanwọ́. Èmi á ṣanwọ́. Rọ̀bọ̀tọ̀ ló máa ń ṣe kẹ́yìn."

"Nínú omi kan náà?"

"Ẹ̀n. Tó bá fi máa kan Rọ̀bọ̀tọ̀, omi ti máa ń dúdú. Ẹ̀rún igi Dádì máa ń léfòó nínú rẹ̀, Rọ̀bọ̀tọ̀ á ní ọkọ̀ ojú omi ni. Ó máa ń mu níbẹ̀ nígbà míì."

"Tẹ́ ẹ bá ti ṣáláńgá dé ńkọ́?"

"Wọ́n ti ti ẹ̀rọ pa," Adájọ́ ní. "A máa ń nu ún mọ́ aṣọ."

Aránṣọ ń wo ilẹ̀. Obìnrin tó máa ń gbá ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kó tó kọ́wọ́ bọṣẹ́ ni, tí kì í jẹ́ kí eruku kan aṣọ oníbàárà. Ìyá àgbà ń tún ìró tí ọmọ tọ̀ sí ró, ó ró o, ó tú u, ó tún un ró.

"Ọwọ́ lẹ ń ṣàn," nọ́ọ̀sì ní, ohùn rẹ̀ ò sì le. "Ẹ ò fọ̀ ọ́. Ẹ máa da omi lé e lórí, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ ha á dáadáa kó tó kan oúnjẹ, àti lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá nu ìdí ọmọ náà, bákan náà ni." Ó wo àwọn tó kù lórí ìjókòó. "Gbogbo àdúgbò yín ló ti wá síbí tán."

Bí wọ́n ṣe dé ilé, aránṣọ tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìyá àgbà, kò tilẹ̀ jókòó. Iwájú yàrá ìyá onílé ló gbà lọ. Ìyá onílé ń fẹ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú páálí, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ so mọ́ etí ìró rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ bá wa ṣí ẹ̀rọ, mà."

"Ṣé ilẹ̀ ti ń ṣú ni?"

"Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n omi kọ́ ló ṣe é."

"Àìsí omi ló ṣe é, mà. Ọwọ́ àwọn ọmọ ni mo ní kẹ́ ẹ ṣí i fún."

"Nígbà tí mo ṣí i sílẹ̀, ta ló ń tì í?" Páálí náà dúró. "Ó ń ṣàn títí kan ojú títì, gbogbo yín ń fẹsẹ̀ kọjá lára rẹ̀. Tí àwọn olómi bá wá gbowó, èmi nìkan ni wọ́n ń bi. Ṣé ẹ tiẹ̀ wá dúró tì mí lọ́jọ́ náà?"

Kò parọ́. Aránṣọ fúnra rẹ̀ ti fẹsẹ̀ kọjá lára omi náà rí. Ó ṣì dúró. Ìyàwó onígbàjámọ̀ jáde, ó gbé àbíkẹ́yìn rẹ̀ dání, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì náà gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró. Ìyá onílé wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo kọ́kọ́rọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ara rẹ̀.

"Mo ti gbọ́," ó ní. "Ìrọ̀lẹ́ ni màá ṣí i."

Kò sẹ́ni tó bú u. Aránṣọ padà sí yàrá rẹ̀, ó fa kẹ́ẹ̀gì kan tó ti ń jò lókè jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìṣó sínú iná títí ó fi pọ́n, ó dá ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì náà. Ó gé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú èyí tí ọkọ rẹ̀ kó sílẹ̀, ó fi dí ihò náà. Tó bá yọ igi náà, omi á máa ṣàn tín-ín-rín bí òwú. Tó bá dí i, á dá. Ó gbé e lé àpótí nítòsí ṣáláńgá, ó da omi garawa rẹ̀ tó kù sí i. Kò tó ìlàjì. Ìyàwó onígbàjámọ̀ lọ gbé tirẹ̀ wá, ó dà á kún un. Ìyá oníbúrẹ́dì mú ọṣẹ dé, ó gbé e kalẹ̀ lórí àpótí láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọmọ ilé ti pé jọ, nítorí kẹ́ẹ̀gì tó ń tọ̀ jẹ́ ohun ìran. Kíákíá, ọmọ àgbà onígbàjámọ̀, ló kọ́kọ́ sáré débẹ̀, ó fi ọwọ́ gba omi, ó gbọ̀n ọ́n, ó ní, "Mo ti parí!"

"O parí kí ni?" aránṣọ ní.

Ó ronú díẹ̀. Ó wọlé, ó mú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ búlúù tó fi máa ń sàmì sára aṣọ jáde. "Ẹ na ọwọ́ yín." Ó fi ṣọ́ọ̀kì kun gbogbo ọwọ́ wọn, iwájú àti ẹ̀yìn, ó kùn ún wọ àárín ìka, ó kùn ún yí àtàǹpàkò ká. "Ẹni tí búlúù ò bá kù sí lọ́wọ́ ló fọwọ́. Ẹ lọ."

Kíákíá tún kọ́kọ́ débẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ níní, ó gbé e sókè fún gbogbo ayé wò. Adájọ́ yí ọwọ́ náà padà.

"Ẹ̀yìn ọwọ́ ńkọ́? Ṣé ti aládùúgbò ni?"

Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Kíákíá padà sí ìdí kẹ́ẹ̀gì. Nígbà tó tún dé, ẹ̀yìn ọwọ́ ti mọ́, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò méjèèjì ṣì dúró bí ẹni wọ fìlà búlúù. Ó tún lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fẹ́ nu ọwọ́ mọ́ ìdí ṣòkòtò rẹ̀, Adájọ́ figbe bọnu pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Aránṣọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àgékù aṣọ mímọ́, ó ní kálukú máa lo tirẹ̀, kó sì sá a sórí okùn.

"Ẹ má kánjú," ó ń tún un sọ. "Ẹ ki ìka bọ àárín ìka. Ẹ fi èékánná ha àtẹ́lẹwọ́. Ẹ jẹ́ kí ọṣẹ pẹ́ lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ tó ṣàn án dànù."

Ọwọ́ ọmọ kékeré ìyá oníbúrẹ́dì ni aránṣọ ń wò nígbà tí káfíńtà wọlé láti ẹnu géètì. Ìrọ̀lẹ́ ò tíì tó, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó parí.

"Rọ̀bọ̀tọ̀ ńkọ́?"

"Ó tọ̀," ìyàwó rẹ̀ ní, kò gbójú sókè.

Ó wọlé lọ wo ọmọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó wo kẹ́ẹ̀gì tó ń mì lórí àpótí, ó wo ihò rẹ̀. Ó mú òòlù àti ayùn, ó gé igi, ó kan ẹsẹ̀ mẹ́rin tó dúró gbọn-in fún un, ó kan pẹpẹ kékeré sí ẹ̀gbẹ́ fún ọṣẹ. Ó gbé e sílẹ̀ ní ìwọ̀n tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta lè tó. Ìyàwó rẹ̀ di kẹ́ẹ̀gì mú fún un títí ó fi jókòó dáadáa.

Ìyá onílé ṣí ẹ̀rọ ní àkókò tó máa ń ṣí i gan-an, kò yá, kò pẹ́.

Nígbà tí ìrẹsì jinná, aránṣọ bu ti ọmọ sọ́tọ̀, ó ti sè é rọ̀ dáadáa. Káfíńtà ti lọ síta, ó ti fọwọ́, ó ti jókòó. Adájọ́ náà ti fọ̀. Aránṣọ ti wẹ ọwọ́ Rọ̀bọ̀tọ̀ fúnra rẹ̀, ọmọ náà fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ó ń wo abọ́ oúnjẹ. Ó ku ìyá àgbà. Wọ́n dúró dè é. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó jáde.

Ó pẹ́ kó tó wọlé. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè níwájú àyà, omi ń kán láti ìgúnpá rẹ̀, ó fi èjìká ti kọ́tìnì kí ọwọ́ má bàa kàn án. Kò jókòó sí àyè rẹ̀. Iwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló lọ, ó na ọwọ́ náà sí i.

"Mo kùn ún ní ṣọ́ọ̀kì rẹ," ó ní. "Wò ó."

Aránṣọ nu ọwọ́ tirẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá àgbà mú, ó yí i padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́ tí ọjọ́ orí ti la ọ̀nà sí, ó wo ẹ̀yìn, ó wo àárín ìka. Ó gbé e sún mọ́ iná.

"Ó kù díẹ̀ lábẹ́ èékánná, mà," ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ti ọwọ́ ọ̀tún."

Ìyá àgbà wo èékánná náà fúnra rẹ̀. Ó rí i. Ó mi orí, ó yí padà, ó tún fi èjìká ti kọ́tìnì, wọ́n sì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ sí ìdí kẹ́ẹ̀gì.

Aránṣọ ò fọwọ́ kan ṣíbí. Ó gbé abọ́ ìrẹsì rírọ̀ náà síbi tí ìyá àgbà máa ń jókòó sí. Rọ̀bọ̀tọ̀ ti ya ẹnu sílẹ̀, ó ń dúró.